Ìgò Ọlọ́jọ́ Méje

Ẹ sún mọ́bí o. Òjò tó ń rọ̀ lóde yìí, ẹ jẹ́ kó máa ṣe tirẹ̀, ká máa ṣe tiwa lábẹ́ àtíbàbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo irùngbọ̀n mi tí ẹ ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ọwọ́ tí ẹ ń wò yìí pa ẹfọ̀n mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹrin rí mi, ó fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ fi ẹ̀tù ṣòfò. Àwọn iwin inú igbó mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọn a kó ọmọ wọn wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó dìde dúró, kó kọ́kọ́ fi àpá ara tirẹ̀ hàn mí. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tèmi. Ọ̀gá mi nínú ọdẹ ló rìn ín, ọkùnrin tó jù mí lọ nínú ohun gbogbo àfi ẹnu. Ẹni tó bá ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó fà á mọ́ra, nítorí ìtàn yìí kò láàánú.

Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀, ará Ìdí-Ẹwìrì. Ìlú alágbẹ̀dẹ nìlú náà. O ò lè rìn kọjá ilé mẹ́ta kí o má bá àgbẹ̀dẹ kan pàdé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀. Ó ti di ẹ̀mú mú nínú iná kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Ìyàwó rẹ̀ Àwẹ̀ró náà, ọmọ àgbẹ̀dẹ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Àyọ̀ká, ọmọ ọdún márùn-ún. Bí bàbá yìí bá ti oko ọdẹ dé, kò ní fẹnu kan ẹran kó tó ha ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọmọbìnrin yẹn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọdún kan, ikọ́ kan wọ Ìdí-Ẹwìrì. Ọmọdé nìkan ló ń mú. Ọmọ á máa wúkọ́, ohun pupa bí ìpẹtà ara àdá àtijọ́ á máa bá itọ́ rẹ̀ jáde. Bó bá di ọjọ́ kẹrìndínlógún, yóò dákẹ́. Kò sí ọmọ kan tó kọjá ọjọ́ yẹn rí. Mọ́kànlá ni wọ́n ti sin kí ikọ́ náà tó mú Àyọ̀ká.

Olórí àwọn alágbẹ̀dẹ, Baba Ògúnṣàkin, ló là á yé wọn. Ó ní, "Irin tí a ti ń lù láti ayé àwọn baba wa, eruku rẹ̀ ló wọ àyà àwọn ọmọ wa. Omi Ajẹrin nìkan ló lè jẹ ẹ́ kúrò. Ẹ̀kán kan nínú igbá omi kan ti tó ọmọ kan mu. Inú igbó àwọn iwin ló wà, ìrìn ọjọ́ méjì. Àwọn tó lọ bù ú rí dé ibẹ̀ dáadáa. Ohun tí wọ́n máa fi gbé e bọ̀ wálé ni wọn kò rí."

Ọjọ́ kejì ikọ́ Àyọ̀ká ni Ọdẹ́rìndé gbéra. Ó mú kèrègbè kan, ó mú ìkòkò amọ̀ kan, ó sì mú ìkòkò irin tí bàbá rẹ̀ rọ. Àwẹ̀ró sìn ín dé ẹnu odi, ó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù o."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mi ò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara. Igi tó ń sunkún wà níbẹ̀, iwin tó fi ìpàkọ́ rìn wà níbẹ̀, èyí tó ń ta orí ara rẹ̀ ní ìkòríta náà wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti ná orí náà fún un tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdẹ́rìndé kò dá èyíkéyìí lóhùn. Ọjọ́ kẹrin ikọ́ náà ló dé etí ìsun Omi Ajẹrin.

Arúgbó obìnrin kan jókòó síbẹ̀. Kò ní ìka kankan lọ́wọ́ méjèèjì, nítorí ó ti fi ọwọ́ bu omi náà rí nígbà tó wà lọ́mọge. Ọdẹ́rìndé kí i, ó sì ti kèrègbè bọ omi. Kèrègbè náà di dúdú, ó rọ̀, ó já lulẹ̀. Ó ti ìkòkò amọ̀ bọ̀ ọ́. Omi náà gba ara rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ajere ni. Ó wá gbé ìkòkò irin bàbá rẹ̀, ó gbàdúrà, ó tì í bọ̀ ọ́. Omi náà hó yeye láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, èéfín rú, etí ìkòkò nìkan ló sì kù lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé.

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbogbo yín lẹ máa ń mú irin wá. Gbọ́ mi dáadáa. Iná ló bí i, òòlù ò lù ú rí. Ó le ju irin lọ, ọmọ ọwọ́ sì lè pa á. O kọjú sí i, o ò rí i, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lò ń rí. Wá a lọ."

Ohun tí ọmọ alágbẹ̀dẹ gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò ju "iná ló bí i" lọ. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé irin kan ní láti wà tó le ju irin lọ. Báyìí ló ṣe kọrí sí ìlú àwọn onírin. Ọjọ́ karùn-ún ló wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlú náà ń pariwo! Bí àwọn ará ibẹ̀ bá fẹ́ kíra wọn, wọn a fi ìkúùkù lu ara wọn láyà, yóò dún gan-an. Bí ọmọ wọn bá ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀, ìyá rẹ̀ á fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ padà, ọmọ á máa sáré lọ. Bí oòrùn bá mú ẹnì kan ní àtẹ́lẹsẹ̀, orí rẹ̀ náà á gbóná kíá, nítorí ooru kì í pẹ́ rìn nínú ara wọn. Bí wọ́n ti rí Ọdẹ́rìndé ni wọ́n gbé e sórí owú, irin tí wọ́n ń lu irin lé, wọ́n fi òòlù lu àyà rẹ̀ láti mọ irú irin tó jẹ́. Ó ké. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní, "Èyí ò dún. Ẹran ni." Eegun ìhà rẹ̀ méjì ṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé iwájú ọba.

Irin ni ọba wọn. Àwọn ayaba rẹ̀ jókòó yí i ká, wọ́n ń ha ìpẹtà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ kan ṣíwọ́, ìpẹtà náà á dé ẹnu.

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ọmọ mi ń kú lọ. Ẹ yá mi ẹnì kan tí Omi Ajẹrin kò lè jẹ."

Ọba sún aṣọ rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ sí orúnkún. Ó ní, "Wò ó. Èmi náà ti bẹ omi yẹn wò. Bàbà, fi tìrẹ hàn án." Bàbà na apá kan tó ti ṣú bí ewéko, tó sì ti jẹ dé egungun. Fàdákà náà fi èjìká hàn án. Kò sí èyí tó pé nínú wọn.

Kí lo wí, Adélọ́wọ̀? Wúrà ń kọ́? Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa béèrè. Wúrà kì í kúrò lọ́kàn rẹ. Ó dára, Wúrà wà níbẹ̀, ó pé, ó ń dán. Omi náà kò rí i jẹ. Ọdẹ́rìndé yíjú sí i, ó bẹ̀ ẹ́. Wúrà ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, iṣẹ́ wo lo rí tí mo ṣe rí?" Ó sì padà wọ yàrá. Ṣé o gbọ́ ná? Rántí ìdáhùn yẹn nígbà tí ọmọ rẹ bá ń ṣàìsàn.

Ọba Irin ló ṣàánú rẹ̀. Ó ní, "Dígí ni arúgbó yẹn ń sọ. Ìbátan wa ni wọ́n, inú iná kan náà ni a ti jáde, ṣùgbọ́n ìwà wa ò jọra. Wọn kì í dípẹtà. Omi tó jẹ mí lẹ́sẹ̀, wọ́n lè fi wẹ̀. Ohun kan ni kí o mọ̀: bí a bá lu àwa, a máa tẹ̀ ká tó kán. Ẹni tó ń wò wá á rí i, á dáwọ́ dúró. Àwọn kì í tẹ̀. Ẹni tó bá fọ́ níbẹ̀ kì í kọ́kọ́ kìlọ̀." Ó wá fún un ní ẹ̀kúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú kan tó dúdú bí aró, tí wọ́n ha lára àbúrò rẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ kò ì dé etí wa. Ó ní, "Wọn kò ní àwọ̀ tiwọn. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀. Fi èyí wọlé."

Ọjọ́ kẹfà ló dé ìlú àwọn dígí. Lójú ọ̀nà, ó rò pé ahoro ìlú lásán ni, nítorí kò rí ẹnì kankan. Ìgbà tó sún mọ́ ọn ló tó rí i pé èèyàn kún ibẹ̀, ara wọn ló mọ́ kedere tó fi ń rí igi tó wà lẹ́yìn wọn. Ó ń rí oúnjẹ wọn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ó ń rí ọkàn wọn bó ṣe ń lù, kò sì sí ẹni tó lè purọ́ níbẹ̀. Ìlú náà dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn kì í ṣàtẹ́wọ́, wọn kì í dì mọ́ra, òwú ni wọ́n fi ń we ọmọ lẹ́sẹ̀ kó tó kọ́ ìrìn. Òkú ló kọ́kọ́ bá pàdé. Ìyá kan ló gbàgbé ara rẹ̀ tó fa ọmọ rẹ̀ tó ti àjò dé mọ́ra. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá àwọn méjèèjì jọ.

Obìnrin tó ń gbá wọn ni Ìyá Ìléru, alábòójútó iná ìlú náà. Ohun tó bá fọ́, ìbáà ṣe èèyàn, òun ló ń yọ́ ọ tó ń mọ ọ́n padà. Ó ní ọmọ kan, Ìmọ́lẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó ti tó wọlé ọkọ. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, tó sì fi lẹ́búlẹ́bú náà jíṣẹ́, Ìyá Ìléru wo àyà rẹ̀ títí, ó ní, "Èmi ò lè rí inú rẹ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe ń gbọ̀n. Èmi náà bímọ."

Lọ́jọ́ kan náà ló yọ́ yanrìn, ó bu lẹ́búlẹ́bú náà sí i, ó fi ọ̀pá irin gígùn kan gbé e, ó sì fẹ́ ẹ. Ìgò kan yọ, aláwọ̀ aró, ó lẹ́wà púpọ̀. Ó bò ó mọ́ inú eérú gbígbóná, ó ní, "Ọjọ́ méje. O kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ méje yóò fi pé."

Ọdẹ́rìndé ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá ni ìgò yóò jáde. Ọjọ́ kẹrìnlá ni yóò dé ìsun. Ọjọ́ kẹrìndínlógún gan-an ni yóò wọlé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ lọ́nà pẹ́nrẹ́n, ó parí. Ó jókòó ti eérú náà títí ilẹ̀ fi mọ́, bí ẹni pé ó ń gbọ́ ikọ́ Àyọ̀ká láti ibẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ keje ikọ́ náà, ó tú eérú díẹ̀ wò. Ìgò náà ti pé, ó ti le, kò pọ́n mọ́. Kí ni wọ́n ṣì ń dúró dè? Nílé bàbá rẹ̀, àdá tó bá ti inú iná jáde, omi ni wọ́n ń tì í bọ̀. Omi náà ló ń fún un ní agbára. Àdá tí kò mu omi, koríko ló máa gé, kò ní gé igi. Láti kékeré ló ti mọ èyí, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí pé ohun tó jáde nínú iná tún lè ní ìwà mìíràn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó rò pé òun ń ran ìgò náà lọ́wọ́ ni. Ó rò pé òun fẹ́ jèrè ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ má bú u o. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò bá tíì dùbúlẹ̀ àìsàn rí kò mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́fà jẹ́.

Ó fi ẹ̀mú gbé ìgò náà jáde. Ìmọ́lẹ̀ ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún un lọ́wọ́ yẹn. Ó rí i, ó kígbe pé, "Bàbá, rárá!" Ṣùgbọ́n ìgò ti wọ inú omi.

Kò tẹ̀. Kò kìlọ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó fọ́n káàkiri. Èérún kan tó kéré ju èékánná lọ ló ba Ìmọ́lẹ̀ láyà. Ìlà kan tín-ín-rín yọ níbẹ̀, ó sáré lọ sí ọrùn, ó sáré lọ sí apá. Ọmọbìnrin náà gbé oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kó má baà dànù. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ìyá mi tètè dé." Ibi tó sọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ìyá Ìléru dé. Ó wo ilẹ̀. Gbogbo ìlú rí ọkàn rẹ̀ nínú àyà rẹ̀, bó ṣe dúró, tó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ṣé irin lo pe é ni?"

Ọdẹ́rìndé wólẹ̀, ó ń sunkún láìsí omijé, ó ní, "Ìyá, ẹ pa mí."

Obìnrin náà dá a lóhùn pé, "Bí mo bá pa ọ́, ta ni yóò gbé omi lọ fún ọmọ tìrẹ? Gbogbo ohun tó bá jáde nínú iná wa, ìjà ló ń jà nínú ara rẹ̀. Ìta rẹ̀ á ti tutù, inú rẹ̀ á ṣì máa gbóná. Èyí ń fà síbí, ìyẹn ń fà sọ́hùn-ún. Ọjọ́ méje la fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó rẹ́. O kò bi mí. Èmi náà ò sì sọ fún ọ. Ọmọ ọwọ́ ìlú wa mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tí kò mọ̀ ọ́n."

Ó mú ìgbálẹ̀. Ó gbá èérún ìgò jọ, ó gbá ọmọ rẹ̀ jọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú àwo kan náà. Àwọn ará ìlú ní kó tún ọmọ náà mọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn.

Ó ní, "Ẹni tó bá ti inú iná yẹn jáde kò ní mọ̀ mí. Yóò máa fi ojú ọmọ mi wò mí bí àlejò. Mi ò lè fara dà á. Kó lọ gbé omi fún ọmọ ẹlòmíràn." Ó yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì fẹ́ ìgò kejì. Àwọ̀ aró rẹ̀ kò dúdú bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Ó ṣí fẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

Ọjọ́ méje ni Ọdẹ́rìndé fi jókòó ti eérú yẹn. Kò jẹ, kò tú u wò, kò mí kíkan sí i. Ọjọ́ kẹrìnlá ikọ́ náà, Ìyá Ìléru fúnra rẹ̀ yọ ìgò náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì yíjú kúrò. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ló dé ìsun. Ó fi okùn sọ ìgò kalẹ̀, kò jẹ́ kí okùn kan omi. Omi Ajẹrin wọ inú rẹ̀, ó kún, ó dákẹ́. Kò jẹ ohunkóhun. Arúgbó aláìníka wò ó, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ó sáré. Egungun ìhà tó ṣẹ́ ń gún un, ó ń sáré. Àwọn iwin tó fẹ́ dí i lọ́nà rí ojú rẹ̀, wọ́n yà fún un. Ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ méjì ni ìrìn ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, nígbà tí oòrùn wà lókè orí, ló wọ Ìdí-Ẹwìrì.

Àwọn obìnrin jókòó yí Àwẹ̀ró ká. Wọ́n ń sọ fún un pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọdẹ́rìndé gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Àná ni Àyọ̀ká dákẹ́.

Bó bá jẹ́ ìkòkò irin ló gbé, ì bá lè sọ pé omi ti jò lọ́nà. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ń wo ìgò náà, wọ́n ń rí omi inú rẹ̀ bó ṣe kún dé ọrùn. Àwẹ̀ró wò ó pẹ́. Ó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, kí ló dá yín dúró ní ọjọ́ kan?"

Kò parọ́ fún un. Ó ní, "Mo ti èkíní bọ omi kó lè le. Ó fọ́. Ó sì pa ọmọ ẹlòmíràn." Ó dúró, ó ń retí èébú, ó ń retí ègún. Ó fẹ́ ẹ.

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ tán. Ọmọ àgbẹ̀dẹ ni òun náà. Ó ní, "Èmi náà ì bá tì í bọ omi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́rìndé ju ègún lọ. Àwẹ̀ró dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mẹ́rìndínlógún ṣì ń wúkọ́ nílùú yìí. Kí lẹ ń dúró ṣe?"

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ẹ̀kán kan nínú igbá omi kan. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá ọmọ kan bá fẹ́ dúpẹ́, yóò mi orí, yóò kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tó dé ilé tó kẹ́yìn, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ti lo ọjọ́ mẹ́tàlá lórí ẹní.

Èmi ni ọmọ náà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Irùngbọ̀n kọ́ ni mo bá wáyé. Mo rántí bí ìgò náà ṣe rí, mo sì rántí pé ó dì í mú sí àyà rẹ̀ bí ẹní gbé ọmọ. Ó da ẹ̀kán kan sínú igbá omi, ó gbé orí mi sókè, ó ní, "Mu ún tán. Má fi nǹkan kan sílẹ̀." Mo mu ún. Ó jókòó tì mí, ó ń gbọ́ ikọ́ mi bó ṣe ń fò, bó ṣe ń rọlẹ̀, títí mo fi la ojú tí mo sì sọ fún ìyá mi pé ebi ń pa mí. Nígbà náà ni ó dìde, ó gbé ìgò náà, ó jáde síta. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti gbọ́ igbe rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.